Ta Ló Kọ Nọ́ńbà Sínú Káàdì Ìyá Muslimat?

Mo fi orí ìyá mi búra, mo tún fi ti bàbá mi lé e, kò sí àbùlà kankan nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ìdì aṣọ òkìrìkà níbí, mo mọ ohun tí ẹ máa ń sọ lẹ́yìn mi, pé tí Fàrúkù bá rí eèrà, á ní erin lòun rí. Ó dáa. Tí ẹ bá ká irọ́ kan ṣoṣo mọ́ mi lẹ́nu lónìí, kí ẹnikẹ́ni má ra ṣòkòtò lọ́wọ́ mi mọ́ ní gbogbo ọjà Odawna ní Accra yìí títí n ó fi hu ewú. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ariwo bọ́ọ̀sì tròtrò ti pọ̀ jù.

Ọlọ́pàá kan wà ní Nima, Sájẹ́ǹtì Àrówólò. Accra ni wọ́n bí i sí, Accra ni wọ́n bí bàbá ẹ̀ sí, síbẹ̀ Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ni wọ́n ń pè é, kì í sì í bínú. Imú ọkùnrin yẹn, tí o bá parọ́ ní Darkuman, á ti sín ní Nima. Olè mẹ́tàdínlógún ló ti jẹ́wọ́ fún un kó tó la ẹnu. Ìkejìdínlógún ò tíì jalè rárá, ó kàn pàdé ẹ̀ lọ́nà ni, ló bá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó forí ji òun, ọ̀la lòun fẹ́ẹ́ jalè. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa báyìí, torí ohun tó wà níwájú ò ní jẹ́ kí ẹ rẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni. Àrówólò ń mu kókò, ẹ̀kọ gbígbóná ẹ̀, lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin kan já wọ àgọ́ ọlọ́pàá, ó di ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú lọ́rùn ẹ̀wù. Ẹ̀wù funfun ni ọmọ náà wọ̀, irú èyí tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ìlera máa ń wọ̀, àmọ́ àpò ẹ̀ ti ya, ètè ẹ̀ ti wú.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ bá mi ti eléyìí mọ́lé. Ó pa ìyá mi."

"Ẹ jókòó ná. Ta ni yín?"

"Mutala ni mo ń jẹ́. Ìyá Muslimat tó ń ta aṣọ ní Odawna ló bí mi. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó dìde kó ṣe àlùwàlá, ló bá ṣubú. Ẹnu ẹ̀ wọ́ sápá kan. Ká tó rí takisí, ó ti tán."

"Òkú ńkọ́?"

"A ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Mùsùlùmí ni wá."

Àrówólò mọ̀. Òkú Mùsùlùmí kì í sùn nílé. Ìyẹn ni pé kò sí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sí ẹni tó máa hú u. Ohun kan ṣoṣo tó kù nílẹ̀ ni káàdì yẹ́lò tí Mutala fà yọ lápò, tó jù sórí tábìlì.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé káàdì yẹn, torí mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀wé, bí èmi náà ò ṣe mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí wọ́n wọ́ wá yẹn, Yusif lorúkọ ẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́rin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Darkuman, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn di olùrànlọ́wọ́ dókítà. Dìgírì gidi ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Wọn kì í ṣe dókítà, wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Àwọn ni wọ́n ń rán lọ sí abúlé tí dókítà bá ní ọ̀nà ẹ̀ ò dáa. Ní táámù tó kẹ́yìn, ìkọ̀ọ̀kan wọn á mú àgbàlagbà kan, á máa lọ bá a nílé ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Á di aṣọ mọ́ ọn lápá, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á wọn bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣe ń ru, á kọ ọ́ sínú káàdì, á fọwọ́ sí i. Tó bá ga, wọ́n á fún un lóògùn. Tó bá wá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò wálẹ̀, dandan ni kí wọ́n dá a dúró sí hòsípítù. Òfin kan tún wà: akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ mú ẹbí ẹ̀.

Yusif ló mú Ìyá Muslimat.

"Ẹ wò ó fúnra yín," Mutala ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ga. Wọ́n fún un lóògùn. Látìgbà náà, káàdì ní ara ẹ̀ ti balẹ̀. Ẹni tí ara ẹ̀ balẹ̀ ní Tọ́sìdeè, báwo ló ṣe máa kú ní Jímọ̀? Oògùn tí ọmọ yìí ń gbé wá ni májèlé. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, níbo loògùn náà wà? A tú yàrá ìyá mi palẹ̀, a ò rí hóró kan."

Àrówólò yíjú sí Yusif. "Ọmọ mi, kí lo rí sọ?"

"Èmi ni mo pa á, ọ̀gá. Ẹ tì mí mọ́lé."

"Báwo lo ṣe pa á?"

Yusif wolẹ̀.

Àrówólò gbé ife kókò ẹ̀ sílẹ̀. Láti ọdún tó ti ń ṣe ọlọ́pàá, gbogbo apààyàn tó ti bá pàdé ló kọ́kọ́ ní òun ò sí nílé. Eléyìí ò tiẹ̀ dúró kí wọ́n béèrè bóyá ó wà nílé.

Ibi tó ti ń rò ó ni ọmọbìnrin kan ti wọlé, híjáàbù dúdú lórí, ojú ẹ̀ pọ́n. Raqeebah nìyẹn, ọmọ-ọmọ Ìyá Muslimat. Ọwọ́ ìyá yẹn ló dàgbà sí, òun ló ń pè ní ìyá. Kíláàsì kan náà lòun àti Yusif wà, oṣù méjì sẹ́yìn sì làwọn ẹbí Yusif wá tọrọ ẹ̀. Nígbà tí tíṣà bi Yusif pé ṣé ẹbí ẹ ni ìyá yìí, ó ní rárá. Lójú ìwé, òótọ́ ló sọ.

"Bàbá," Raqeebah ní, "Wẹ́sìdeè ni ìdánwò àṣekágbá wa. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní táwọn ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan pàtó látọ̀dọ̀ yín kó tó dìgbà náà, àwọn á pa orúkọ Yusif rẹ́. Èmi náà ò sì ní wọlé ìdánwò. Mi ò lè di apá ẹnikẹ́ni mú títí n ó fi mọ ohun tó pa ìyá mi."

"Ṣé o rò pé òun ni?"

Ó wo Yusif. Yusif ò wò ó.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún mi, Bàbá. Kí n lè mọ̀ bóyá kí n fẹ́ ẹ ni àbí kí n ṣẹ́ èpè fún un."

Ọjọ́ méjì nìyẹn. Àrówólò ju káàdì sápò, ó wọ tròtrò.

*

Madam Abíọ́lá ni tíṣà tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Obìnrin yẹn le débi pé afẹ́fẹ́ gan-an máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọ ọ́fíìsì ẹ̀. Ó gba káàdì, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ awò ojú ẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì, ta ló kọ eléyìí?"

"Yusif ló fọwọ́ sí i."

"Mo gbọ́. Mo ní ta ló kọ ọ́?"

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ jáde: aṣọ dúdú tí wọ́n ń dì mọ́ apá, bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n ń fún, àti aago róbótó kan létí ẹ̀.

"Ẹ̀rọ tá à ń kó fún wọn kì í ṣe oníbátìrì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ, etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, ojú ni wọ́n fi ń kà á. Ẹ ka àwọn ìlà kéékèèké yìí fún mi."

Àrówólò fi ìka tọ̀ ọ́. "110, 112, 114, 116, 118, 120."

"Kí ló wà láàárín 118 àti 120?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Méjì méjì ló ń rìn. Ọmọ tó wọlé lánàá ti mọ̀ ọ́n. Ẹ padà wo káàdì yín."

Àrówólò padà wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta àkọ́kọ́: 168 lórí 100, 164 lórí 98, 166 lórí 98. Lẹ́yìn náà: 121 lórí 79. 119 lórí 77. 123 lórí 81. 117 lórí 79. Bó ṣe lọ títí dé ìsàlẹ̀ nìyẹn, ìlà mẹ́sàn-án.

"Àbí ó yá ẹ̀rọ oníbátìrì lọ́wọ́ ẹnìkan?" ó béèrè.

"Ìyẹn lè mú nọ́ńbà tó ṣẹ́ ọ̀kan kù jáde lóòótọ́. Àmọ́ ìlà mẹ́sàn-án, nọ́ńbà méjìdínlógún, kò sí ẹyọ kan tó ṣe é pín sí méjì? Ẹ̀rọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn. Èèyàn ló jókòó tó ń ro eléyìí látorí ara ẹ̀." Madam Abíọ́lá wọ awò ojú ẹ̀ padà. "Yusif ló ń gbégbá orókè nínú wọn láti ọdún kìíní. Ẹ bá mi bi í pé kí ló ṣe é."

*

Yusif ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì nínú àtìmọ́lé, ibi tí wọ́n fi í sí. Àrówólò jókòó tì í.

"Ọmọ mi, kí ló wà láàárín 118 àti 120 lójú aago yín?"

Ọmọ náà gbé ojú sókè díẹ̀. "Kò sí, ọ̀gá."

"Báwo lo ṣe wá rí 119 lápá ìyá àgbàlagbà?"

Yusif yíjú sí ògiri.

"Jẹ́ n bá ẹ sọ ọ́. Káfíńtà tó bá fẹ́ yan èèyàn jẹ, pákó tó ń kan lójoojúmọ́ náà ló máa fi yàn án jẹ. Tó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ parọ́, 118 lò bá kọ. Ò bá kọ 120. Ojú ìlà tó o mọ̀ lò bá ti mú irọ́ ẹ. Ẹni tó kọ eléyìí ò tíì wo ojú aago yẹn rí láyé ẹ̀. Kì í ṣe ìwọ."

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i, ọ̀gá."

"Mo mọ̀. Ta lò ń bò?"

Yusif fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Àrówólò jáde sí ìta. Ẹni tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni Raqeebah. Ta tún ni ọ̀dọ́mọkùnrin lè torí ẹ̀ gbà kí wọ́n ti òun mọ́lé? Ó ronú kan ọ̀rọ̀ náà títí, orí ẹ̀ gbóná débi pé ẹyẹ tó bà lé fìlà ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ bó. Àmọ́ kò bá ara mu. Raqeebah náà ti lo ọdún mẹ́rin nídìí aago yẹn. Irọ́ tiẹ̀ náà, ojú ìlà ló máa dúró lé.

A jẹ́ pé ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹni tó ń rí káàdì náà ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè. Ẹni tí Yusif ò lè dárúkọ.

Ó bá kọjú sí ilé Ìyá Muslimat.

*

Ilé alágbàlá tí Ìyá Muslimat gbé, yàrá mọ́kànlá ló yí àgbàlá kan ká, balùwẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Mutala ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Sájẹ́ǹtì, mo ti rí i. Zuweira tó ń gbé yàrá kejì sí ti ìyá mi. Wọ́n jà torí balùwẹ̀ lóṣù tó kọjá, gbogbo ilé gbọ́. Bí mo ṣe padà délé ni mo rí páálí oògùn nínú àpò ìrẹsì ẹ̀. Oògùn ìyá mi. Òun àti ọmọ yẹn ni wọ́n jọ lẹ̀dí àpò pọ̀."

Zuweira jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà tó fẹ́ fi se wàákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà. Obìnrin Hausa ni, àmọ́ ó ti pẹ́ láàárín àwọn Yorùbá débi pé Yorùbá ló fi ń bú ọmọ ẹ̀. Páálí oògùn mẹ́ta wà nílẹ̀ níwájú ẹ̀. Àrówólò mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí wọ́n ṣí.

"Hajia, ẹ jí oògùn olóògùn?"

"Mi ò jí i."

"Báwo ló ṣe dé inú ìrẹsì yín?"

"Ṣé ìrẹsì ti di ẹ̀ṣẹ̀ ní Nima ni?"

"Hajia."

Zuweira ń ṣa ẹ̀wà ẹ̀ lọ. Mutala fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀, Àrówólò gbọ́wọ́ sókè sí i.

"Hajia, ọmọkùnrin kan wà látìmọ́lé lọ́dọ̀ mi. Tí ẹ bá dákẹ́, ibẹ̀ ló máa wà. Ẹni tí ẹ ń ṣọ́ àṣírí fún ti wà níbi tí ìtìjú ò ti lè bá a mọ́."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí ẹ̀wà.

"Òun ló kó o fún mi," ó ní. "Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ yẹn bá ti gbé oògùn wá, tó bá ti lọ tán, á kó o wá. Ó ní tí Raqeebah bá rí i lódindi, á mọ̀ pé òun ò lò ó. Ó lo ti ọ̀sẹ̀ kìíní. Ó ní ìtọ̀ ni oògùn náà ń fà. Gbogbo ìṣẹ́jú ló ń tọ̀. Àwọn tó wà ní Odawna, níbo ni wọ́n fẹ́ tọ̀ sí? Tó bá dìde nídìí ọjà lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó dé, oníbàárà ti lọ. Torí ẹ̀ náà la ṣe jà ní balùwẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Ìgbà tó wá bẹ̀ mí ló sọ fún mi."

"Ẹ ò sọ fún un pé ó léwu?"

"Mo sọ. Ó ní, Zuweira, ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù? Tí ọmọ mi bá ti ṣe tán, màá lo oògùn gbogbo ayé, màá tọ̀ títí dé Kaneshie." Ó fi etí ìbòrí nu ojú. "Wọ́n sì lẹ́nu, àwọn Alata. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Allah á dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín."

Mutala jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àgbàlá. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó.

*

Ìsọ̀ Ìyá Muslimat, ẹ̀yin náà mọ ibẹ̀, lẹ́bàá ojú irin níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ti fi tapólì bò ó. Àrówólò ká a sókè. Àǹkárá wà níbẹ̀ ní títò, ní ìdì ìdì, kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Lára ìdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún bébà pélébé kan mọ́ ọn, wọ́n kọ iye yáàdì sí i.

Ìyá yẹn ò mọ A yàtọ̀ sí ọ̀pá ìgbálẹ̀. Àmọ́ nọ́ńbà, ó ti fi ogójì ọdún kọ́ ọ nídìí aṣọ, kò sí ẹni tó kọ́ ọ, òun ló kọ́ ara ẹ̀. Ó máa ń fi igi kékeré dábùú ikùn 7. 9 tiẹ̀ ní ìrù gígùn tó ká sẹ́yìn bí ìwọ̀ ẹja.

Àrówólò yọ káàdì yẹ́lò, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bébà. 7 tó ní igi níkùn. 9 tó ní ìwọ̀. 117 lórí 79.

Ó rí i pé nọ́ńbà tó ṣe é pín sí méjì ò sí nínú ìwọ̀nyí torí pé ọlọ́jà ló kọ ọ́. Ọlọ́jà tó mọṣẹ́ kì í dá iye tó gún régé lé nǹkan, àwọn èèyàn á rò pé ó kàn fà á yọ látẹnu ni. Iye tó bá ní ṣẹ́kù lẹ́yìn ló máa ń dà bí òótọ́. Ọjọ́ kìíní ni Yusif ti máa sọ fún un, bí wọ́n ṣe ń sọ fún gbogbo ìyá, pé tó bá ti wà ní nǹkan bí 120 lórí 80, ara dá. Ó mú nọ́ńbà yẹn, ó ń gbé e sókè díẹ̀, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń ná ọjà lọ́wọ́ ikú.

Mo ti sọ fún yín pé Àrówólò ò sunkún nígbà tí wọ́n sin ìyá tiẹ̀. Ó dáa, mi ò sọ fún yín, mo wá ń sọ ọ́ báyìí. Ó jókòó sórí ìdì àǹkárá yẹn títí oòrùn fi kúrò lórí ẹ̀.

*

Ọ̀sán Túsìdeè ni ó kó wọn jọ sínú ọ́fíìsì: Mutala, Raqeebah, Yusif. Ó tẹ́ bébà yáàdì mẹ́rin àti káàdì sórí tábìlì, ó kó páálí oògùn mẹ́ta tì í. Kò ṣàlàyé púpọ̀. Raqeebah fi ìka tọ 7 kan, ó tọ èkejì. Òun ló máa ń bá ìyá ẹ̀ gún bébà yẹn mọ́ aṣọ láti kékeré.

"Ọwọ́ ìyá mi nìyí," ó ní.

"Òun ni."

"Kí ló dé?"

Mutala ló dáhùn. "Ọdún tí ìyá kán lẹ́sẹ̀, tí wọ́n dá a dúró sí hòsípítù. O fi ilé-ìwé sílẹ̀ fún odidi ọdún kan, ò ń fọ ìgbẹ́ ẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́ pé òun ti jẹ gbèsè ọdún kan nínú ayé ẹ. Ó ní òun ò tún ní torí hòsípítù dá ẹ dúró mọ́."

Raqeebah yíjú sí Yusif. "Ìwọ mọ̀."

Ẹ rí i, Yusif ti wà lórí eékún kó tó sọ̀rọ̀.

"Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo dé pẹ̀lú ẹ̀rọ, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, ọkọ ọmọ mi, ṣé bó o ṣe fẹ́ máa dì mí lápá bí àgbò Iléyá nìyí? Wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan ti wọn àwọn lọ́jà láàárọ̀, kí n mú káàdì wá. Wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Mo rí i pé ó ṣẹ́ ọ̀kan kù, Raqeebah. Mo rí i. Mo ní, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, ṣé o ń pè mí ní onírọ́ ni? Kí ni mo fẹ́ẹ́ ṣe? Àna mi ni wọ́n. Ṣé kí n fipá fa ọwọ́ àna mi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Raqeebah ní.

Ó sún mọ́ ọn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yusif. Ò bá fà á. Á bú ẹ, á bú ìyá tó bí ẹ, á ní òun ò fún ẹ lọ́mọ mọ́. Á sì wà láyé tó ń bú ẹ."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni mo fọwọ́ sí i. Gbogbo ìgbà ni mo ń sọ pé tó bá di Tọ́sìdeè, màá sọ fún ẹ."

"Gbogbo ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan náà la jókòó sí ní kíláàsì."

"Mo mọ̀."

Raqeebah fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kì í ṣe Yusif ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń di apá àwọn ìyá kiri Darkuman. Mo mọ ẹ̀jẹ̀ ìyá alákàrà. Mo mọ ti ìyá pásítọ̀. Ti ìyá mi, wọ́n ní òfin ò gbà. Ẹní kan náà la jọ ń sùn sí, mi ò fọwọ́ kàn án lápá. Mo ní ẹni tó mọṣẹ́ ju èmi lọ ló ń tọ́jú ẹ̀."

Àrówólò kọ sínú ìwé ẹ̀ pé kò sí ẹni tó pa ẹnikẹ́ni. Ó ní kí Yusif máa lọ, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá parí, àmọ́ ọ̀rọ̀ káàdì wà lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Yusif ní òun á lọ jẹ́wọ́ fún Madam Abíọ́lá fúnra òun. Lọ́jọ́ náà ló lọ. Wọ́n pa orúkọ ẹ̀ rẹ́, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún kan, tí ojú ò bá tì í.

Lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá, ó dúró de Raqeebah. Raqeebah kọjá, ó sì padà.

"Mi ò ní ṣẹ́ èpè fún ẹ," ó ní. "Mi ò sì ní fẹ́ ẹ. Lójoojúmọ́ tí mo bá rí ẹ, ìyá mi ni n ó máa rí, tó fa apá sẹ́yìn."

*

Wẹ́sìdeè, Raqeebah lọ. Bí mo ṣe mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ìdánwò? Àga tí ó jókòó lé ló sọ fún mi. Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀.

Wọ́n máa ń pe àwọn ìyá àgbà láti àdúgbò wá fún ìdánwò, kí àwọn ọmọ náà lè wọn ẹ̀jẹ̀ wọn níwájú tíṣà. Èyí tí wọ́n fún Raqeebah, ìyá kan tó sanra, tó ń rẹ́rìn-ín, ara ẹ̀ ń rùn fún òróró àgbọn. Raqeebah kí i. Ó di aṣọ mọ́ ọn lápá, ó fi nǹkan sétí, ó fún bọ́ọ̀lù, ó ń tú atẹ́gùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú ẹ̀ wà lára aago. Madam Abíọ́lá dúró lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú ìwé.

Ìyá náà ń wo ojú ọmọ. Ó rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ṣé ó ga ni?" ó béèrè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ọmọ mi dáadáa, má kọ gbogbo ẹ̀. Wọ́n á dá mi dúró. Ọmọ mi obìnrin ń bímọ lọ́sẹ̀ yìí, èmi ni màá wẹ ọmọ."

Omi bọ́ lójú Raqeebah. Ó bọ́, mo ní ó bọ́, ó kún àgbàrá, ó ṣàn gba ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó dá tròtrò mẹ́fà dúró ní Darkuman, àwọn ọmọ kan ń pẹja nínú ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n. Ó di ìyá oníyàá yẹn lápá mú, ó mú un gírígírí, ó sì kọ 188 lórí 112 sílẹ̀.

"Ẹ bínú sí mi, Ìyá," ó ní. "Ẹ bú mi. Èmi ni mo máa sìn yín dé hòsípítù."

Ìyá náà bú u. Ó bú u látẹnu ọ̀nà dé ìdí takisí, ó bú u dé hòsípítù, Raqeebah sì di ọwọ́ ẹ̀ mú ní gbogbo ọ̀nà, ó ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ẹ máa bú mi, Ìyá. Ẹ má dákẹ́."

Ó parí. Kí ló dé tí ẹ ń wò mí bẹ́ẹ̀? Omi yẹn dá tròtrò mẹ́fà dúró lóòótọ́, ẹ lọ béèrè. Àbí ẹ rò pé márùn-ún ni?

"Fàrúkù," ẹnìkan ní láti orí ìdì aṣọ.

Mo ní ẹja tí wọ́n pa níbẹ̀, mo jẹ nínú ẹ̀.

"Fàrúkù, o ṣé. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ìyá ẹ wà nílé, àbí kò sí?"

Ó wà nílé.

"Máa lọ sílé, ọ̀rẹ́ mi. Dìde, lọ wo bí ara ìyá ẹ ṣe rí. Máa lọ."